Orí Keje: Òfì Obìnrin Ilẹ̀ Òkun àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ

Bí a bá dé Ìsẹ́yìn tàbí Ìlọrin, ọkùnrin la sábà máa ń bá nídìí òfì. Wọ́n á na òwú gbọọrọ sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á máa hun aṣọ òkè tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ní agbègbè Kàbà, láàrin àwọn Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Òwòrò tí gbogbo wọn ń jẹ́ Òkun, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin ló ni òfì níbẹ̀. Òfì ọ̀hún kì í nà sílẹ̀, ńṣe ló ń dúró, tó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé, aṣọ tó sì ń tara rẹ̀ jáde fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Irú òfì yìí kan náà ni àwọn obìnrin Ebira ń lò ní Òkéné. Òun náà ni wọ́n mọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú, àti ní Akwete nílẹ̀ Ìgbò.

Nínú orí tó ṣáájú, aṣọ fúnra rẹ̀ la gbé yẹ̀ wò. Ní báyìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ wò: ta ló ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibi ìkọ́ṣẹ́ náà tì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aṣọ òyìnbó ló pa òfì obìnrin. Àwa kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé ilé ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí, àti pé ọjọ́ tí ilé kò kọ́ni mọ́ ni ìyà tó jẹ iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

7.1 Bí òfì náà ṣe rí

Òpó méjì ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fi ti ògiri. Igi ìbú kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ahunṣọ á yí òwú rẹ̀ láti orí igi òkè dé igi ìsàlẹ̀, á tún gbé e gba ẹ̀yìn padà sókè, títí yóò fi kún ìbú tó ń wá. Nítorí pé yíyí ni ó ń yí òwú náà ká igi méjèèjì, bí iṣẹ́ bá ṣe ń ga lọ síwájú, a lè fa ohun tí a ti hun gba ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, kí òwú tí a kò tíì hun lè bọ́ sí iwájú. Ìdí nìyí tí gígùn aṣọ fi máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì àlàfo tó wà láàrin igi òkè àti ti ìsàlẹ̀. Òfì ọkùnrin lè fún wa ní aṣọ tó gùn tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà láìdáwọ́ dúró; ti obìnrin ní òdiwọ̀n, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ọ mọ òdiwọ̀n yẹn lórí kó tó ta òwú kan ṣoṣo.

Omù ló ń ya òwú sí méjì: ìdajì á wá síwájú, ìdajì á dúró lẹ́yìn, igi tí wọ́n yí òwú mọ́ á sì gba àárín wọn kọjá. Pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń dán nítorí àìmọye ọdún tí ọwọ́ ti ń kan án ni wọ́n fi ń lù ú mọ́lẹ̀ kó lè ki. Bí ọnà bá wà nínú aṣọ, ahunṣọ á fi ìka ṣa àwọn òwú tó fẹ́ gbé sókè, á ti òwú aláwọ̀ mìíràn bọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sí híhun lásán. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọnà náà sí. Orí ni ó wà, àti ìka.

Abala kan kì í sábà tó ìró. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń rán pọ̀ létí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí ọ̀rọ̀ etí aṣọ.

7.2 Láti inú oko dé orí òfì

Àṣìṣe ńlá ni láti rò pé híhun ni iṣẹ́. Híhun ni ìparí iṣẹ́. Òwú tí wọ́n gbìn sáàrin iṣu tàbí ní etí oko ni ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kóró rẹ̀ bá ti là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ èso kúrò nínú rẹ̀: wọ́n á gbé e lé orí òkúta tàbí pátákó, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lórí títí èso á fi bọ́ sí apá kan, tí ẹ̀gbọ̀n òwú á sì kù. Ọrun kékeré ni wọ́n fi ń ta ẹ̀gbọ̀n náà kó lè fẹ́, kó rọ̀, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì jábọ́. Ìgbà yìí ni ìràn òwú tó bẹ̀rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí amọ̀ roboto wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ran án. Ọwọ́ ọ̀tún á ta á kó máa pòòyì, ọwọ́ òsì á máa fa ẹ̀gbọ̀n jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n a máa fi ẹfun tàbí eérú pa ìka kó má baà yọ̀.

Ìràn òwú ló ń jẹ àkókò jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó ń hun aṣọ lè jẹ òwú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ràn, nítorí náà gbogbo ọwọ́ tó wà nínú agbo ilé ló níṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa láti ṣa ọnà mọ́ ṣì lè ran òwú nínú òkùnkùn, nítorí ìka ló fi ń mọ bí ó ṣe nípọn tó. Ọmọdé á máa yọ èso. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ibi tí a ti ń rí òwe yìí bó ṣe rí gan-an ni ìdí òwú.

Aró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a. Wọ́n á da omi sí eérú nínú ìkòkò tó ní ihò nídìí kó lè máa kán sínú ìkòkò mìíràn, omi eérú yìí ni wọ́n á sì fi rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan. Ẹni tó bá ti bọ òwú sínú rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í yọ jáde ní dúdú. Bíi ewé tútù ló ń jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bí wọ́n bá ṣe ń bọ̀ ọ́ padà tó ni yóò ṣe dú tó. Aláró tó mọṣẹ́ a máa fi ahọ́n tọ́ omi aró wò, a máa gbóòórùn rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ lásán kọ́ ènìyàn ní èyí. Ó ní láti dúró ti aláró.

Aṣọ kan wà tí ilẹ̀ Bùnú fi lókìkí, ìyẹn aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì àti lára aṣọ eégún. Pupa rẹ̀ kò ti inú ẹ̀lú tàbí igi wá. Aṣọ onírun pupa tó wá láti òkè òkun ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń tú fọ́nrán fọ́nrán, tí wọ́n sì tún ń fi hun aṣọ tiwọn. Àwọn Ebira náà ń ra aṣọ ìpò yìí. Elisha Renne, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé láàrin àwọn Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, kọ ìwé odindi kan lórí aṣọ wọn, tó jáde ní 1995, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé aṣọ yìí kì í kú. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn ìyá wa kò kórìíra ohun àjèjì. Wọ́n tú u, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Ẹni tó bá ní kíláàsì òfì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òwú tí wọ́n rà lọ́jà, ó ń dáàbò bo àṣà tí kò sí rí.

7.3 Ilé tó ń kọ́ni

Nígbà tí òfì wà nínú ilé, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin á bá òfì níbẹ̀ bó ṣe bá ààrò níbẹ̀. Kí ó tó gbọ́njú, á ti máa yọ èso òwú, á máa di òwú tó já, á máa na igi òwú sí ìyá rẹ̀. Ó ń wò. Bí ìyá bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á jókòó sídìí òfì, á gbìyànjú ìlà méjì. Nígbà tí ìyá bá dé, tó bá rí i pé kò dára, á ní, "Tú u." Kò ní bá a tú u o. Ọmọ ló máa tú u fúnra rẹ̀, títú yẹn gan-an ló sì ń kọ́ ọ bí òwú ṣe gba ara wọn kọjá.

Ẹ̀kọ́ yìí ní àléébù tirẹ̀. Ìyá tó bá mọ ọnà mẹ́rin, mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ní kékeré, àfi kí ìyá bàbá tàbí àǹtí gbà á tọ́. Àwọn ahunṣọ tó gbọ́n a máa fi ọnà wọn pamọ́ fún àlejò. Síbẹ̀, ó fún ọmọ ní ohun mẹ́ta tí kò rọrùn láti rí níbòmíràn: àkókò tó pọ̀, ẹni tó ń wò ó láìgbowó, àti gbogbo iṣẹ́ náà láti inú oko títí dé ara ènìyàn. Ó rí i pé aṣọ tí ìyá rẹ̀ hun ni wọ́n fi pọn àbúrò rẹ̀, ó sì rí i tí wọ́n fi sin bàbá àgbà.

7.4 Bí ilé ṣe dẹ́kun kíkọ́ni

Aṣọ ilé iṣẹ́ wọlé gbẹrẹgẹdẹ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, wọ Kàbà nígbà tí wọ́n ń gbógun lọ sí Bídà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí ọjà òkè òkun fi ń gba Lọ́kọ́jà wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Aṣọ náà fúyẹ́, ó pọ́ọ́kú, ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Òkéné. Aṣọ òkè òkun kan náà ló wọ ibẹ̀, síbẹ̀ àwọn obìnrin Ebira ń hun aṣọ lọ ní tiwọn. John Picton, onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ láàrin wọn ní àwọn ọdún 1960, bá wọn nídìí òfì, òun àti John Mack sì fi ohun tó rí sínú ìwé wọn lórí aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1979. Àwọn obìnrin yẹn gba òwú ilé iṣẹ́ tó ń dán, wọ́n ń hun fún ọjà, ọmọ wọn sì ń rí owó níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ní ilẹ̀ Òkun ni ibi tí ọmọbìnrin ń lo ọjọ́ rẹ̀ sí. Àwọn ará Òkun tètè gba ìwé. Ọdún 1908 ni míṣọ́nnárì Tommie Titcombe ti Sudan Interior Mission ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìyàgbà. Ìjọ Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì náà kọ́ ilé ìwé káàkiri. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní 1976, wákàtí òwúrọ̀ tí ọmọ máa ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì di ti kíláàsì. Ẹni tó bá jáde ilé ìwé girama a máa lọ sí Kàdúná, Ìlọrin, Èkó. Ìyá tó kù nílé rò ó pé ta ni òun máa kọ́, kò sì rí ẹnì kankan.

A kò sọ èyí láti dá ìwé lẹ́bi. Àwa tó ń kọ èyí àti ẹ̀yin tó ń kà á, ìwé ló gbé wa dé ibi tí a wà. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí ilé ìwé gba àkókò ọmọ, kò gba iṣẹ́ ìyá mọ́ ọn. Kò sí òfì nínú kíláàsì.

7.5 Ògìdì

Ìlú kan wà nílẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kàbà, tí ó fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ògìdì ni. Ibẹ̀ ni ìlú Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tí ìyá ńlá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà kọ́ ní aṣọ híhun àti aró. Òun gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ilé kọ́ kí ilé tó dákẹ́. Ó di gbajúmọ̀ ayàwòrán ní Òṣogbo. Ní 1974 ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n pè sí Haystack, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni àgbà àti ọ̀dọ́, dókítà àti àgbẹ̀, ti ń jókòó kọ́ iṣẹ́ òfì, amọ̀ àti irin fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìsí ìdánwò.

Ní 1983 ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àdìrẹ, bátíìkì àti iṣẹ́ ọnà mìíràn láìsan owó. Lẹ́yìn náà ó mú un wá sílé, ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Ògìdì, kí àwọn obìnrin lè máa hun aṣọ níbẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ju àwọn àwòrán tó gbé e dé orí ògiri ilẹ̀ òkèèrè lọ. Nítorí pé bí ìlú kò bá ní ibi tí òfì dúró sí lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ kò ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láti kọ́.

7.6 Ẹgbẹ́

Ní 1953, onímọ̀ kan, Peter Lloyd, kọ àyọkà kan lórí bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń to ara wọn ní àwọn ìlú Yorùbá. Ó rí i pé àwọn iṣẹ́ àtijọ́, bíi híhun àti alágbẹ̀dẹ, agbo ilé ló ń darí wọn: baálé ni olórí, ọmọ bíbí ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ tuntun bíi aṣọ rírán àti iṣẹ́ káfíńtà, ẹgbẹ́ ló ń darí wọn, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ bó bá sanwó. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún wa gan-an. Òfì obìnrin ilẹ̀ Òkun jẹ́ iṣẹ́ agbo ilé, nítorí náà nígbà tí agbo ilé tú ká kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbà á mú. Aránṣọ ní ẹgbẹ́ ní Kàbà. Onídìrí ní. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń fi òfin de iye owó, wọ́n ń fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ń dá èésú, bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá jà, iwájú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe fún ahunṣọ pọ̀. Ó lè ra òwú lápapọ̀ kó lè pọ́ọ́kú fún ọmọ ẹgbẹ́. Ó lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí òfin ti wà fún ní Nàìjíríà láti 1935. Ó lè kọ aṣọ tí kò dára kó má bàa ba orúkọ ọjà jẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba ní 1155, ó sì wà títí di òní. Kò darí òfì kankan mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ná owó lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ lè pẹ́ ju iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ lọ, kó sì padà wá tọ́ ọmọ iṣẹ́ náà.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú àwọn ẹgbẹ́ wa. Ayẹyẹ fríídọ̀m ti wọ́n jù. Ọmọ tó ti fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta sin ọ̀gá á tún wá owó ìrẹsì, ẹran, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti aṣọ ẹgbẹ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ń dúró ti owó yìí títí wọ́n á fi gbàgbé iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ahunṣọ tuntun gbọ́dọ̀ sọ fríídọ̀m di àdúrà, obì àti aṣọ kan tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ hun láti òkè dé ilẹ̀.

7.7 Bí kíláàsì ṣe lè rí ní Kàbà

Kí kíláàsì lè rọ́pò ilé, ó gbọ́dọ̀ fúnni ní díẹ̀ nínú ohun mẹ́ta tí ilé ń fúnni. Àkókò ló ṣòro jù. Kíláàsì wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò lè mú ọwọ́ mọ òfì bí kò bá sí òfì kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé lọ sílé. Òpó méjì tí gíga wọn kò ju mítà kan lọ tó, káfíńtà àdúgbò lè ṣe é láàárọ̀ kan.

Èkejì ni olùkọ́. Ẹni tó yẹ ni ìyá tàbí ìyá àgbà tó mọṣẹ́, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń san fún olùkọ́. A kò gbọdọ̀ pè é wá kó wá "ṣàfihàn" ní ọjọ́ àṣà kan lọ́dún, kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a fún un ní omi inú ike, kó sì máa lọ. Bí ó bá ń sọ ẹ̀ka èdè Owé tàbí Bùnú nìkan, ẹ̀ka èdè náà ni kó fi kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa tẹ̀ síwájú lọ bá a.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe híhun. Òwú ni, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ èso rẹ̀, tó sì ràn títí yóò fi tó hun aṣọ tí ìbú rẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ni òwú ilé iṣẹ́ lè wọlé, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ohun tí wọ́n bá a ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí híhun bá bẹ̀rẹ̀, etí aṣọ ni kí olùkọ́ máa wò. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ òfì ni etí máa ń dà láàmú. Ó ń fa òwú le jù nígbà tó bá yí i padà ní ẹ̀gbẹ́, etí á máa wọ inú, aṣọ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbú ọwọ́ méjì á parí ní ìbú ọwọ́ kan àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rán abala méjì pọ̀, wọn kò ní bá ara mu. Ohun tí àwọn ìyá máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé òwú náà kọ́ díẹ̀ láàárín kí wọ́n tó fi pátákó lù ú, kí ó lè ní àyè láti gba àárín àwọn òwú tó dúró kọjá. Wọ́n a tún máa fi ọ̀pá kékeré wọn ìbú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ga tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí abala méjì rẹ̀ bá dọ́gba, tó sì rán wọn pọ̀ láìhunjọ, ti ṣe tán láti kọ́ ọnà.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Àlàfo tó wà láàrin igi òkè àti ti ìsàlẹ̀ lára òfì kan jẹ́ mítà 1.5. Báwo ni gígùn aṣọ tí wọ́n máa rí lára rẹ̀ á ṣe tó? Ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í pé ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́.

2. Yan ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Kàbà tàbí ní ìlú rẹ. Lọ sí ìpàdé wọn pẹ̀lú àṣẹ olórí wọn. Kọ ojú ewé méjì lórí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọlé, iye ọdún tí ó ń lò, àti ohun tí fríídọ̀m ń ná òbí.

3. "Ilé ìwé ló pa òfì obìnrin." Kọ àròkọ kan tí o fi gba èrò yìí tàbí tí o fi takò ó. Lo àpẹẹrẹ Òkéné àti Ògìdì.

4. Wá obìnrin àgbà kan nínú ẹbí rẹ tàbí ní àdúgbò rẹ tó ti ran òwú rí. Jókòó tì í kó kọ́ ọ. Mú òwú tí ìwọ fúnra rẹ ràn wá sí kíláàsì, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mítà mẹ́ta, kó má sì ní ìdí ìsopọ̀ ju méjì lọ.